Ẹranko Bàbá Rẹ Tó Dàgbà Lọ́wọ́ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ geere, ṣé ara le? Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo ti ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tó dá ọ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà, a ò ṣàìsàn, àfi bàbá rẹ tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, fóònù ló sì fà á.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé, pẹ̀lú eré inú rẹ̀ tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹranko abàmì jọ. O ní kí n wò wọ́n, kí n sọ èyí tó wù mí. Mo ti wò wọ́n. Èyí tí iná ń jó ní irùngbọ̀n rẹ̀ kò wù mí rárá. Èmi aránṣọ tí àkísà kún ilé mi, irú àlejò wo nìyẹn? Èyí tó ní ojú mẹ́jọ tí kò ní ẹnu, àánú rẹ̀ ṣe mí, ó ń fi ojú mẹ́jọ wo oúnjẹ, kò sì lè jẹ ẹ́. Ní ti èyí tó dà bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bàbá rẹ mú téèpù tó fi ń wọn pákó, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú fóònù, ó ní ọ̀kan kúrú, ó ní kí o bá òun bèèrè pé káfíńtà wo ló kàn án. Mo máa ń gbé gbogbo wọn sójú fèrèsé lọ́sàn-án kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá rẹ fẹ́ràn. Kékeré ni, ó dà bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó fi olú inú igbó dé fìlà. Ó sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Bó bá ń fá pákó, á gbé Pẹ̀lẹ́ síwájú, á máa bá a sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ, mo sì fara mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, ó jáde lọ ra ìṣó, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Lójijì ni Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yòò. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ṣé kí ó dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Abiyamọ wo ni wọ́n á bi ní irú ìbéèrè yẹn tí yóò ní rárá? Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni mo ti ń gba àdúrà yẹn. Mo ṣe àmín sókè, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Háà! Ohun tó jáde níbẹ̀, kí Ọlọ́run má fi han aboyún. Ìwo mẹ́ta, èjìká bí ilẹ̀kùn irin, ojú kíkorò bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bàbá rẹ wọlé, ó ní ta nìyí. Mo ní Pẹ̀lẹ́ ni. Ìṣó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré gbé e tọ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ ọ́ di kékeré padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó bá ti dàgbà ti dàgbà nìyẹn. Bàbá rẹ gbọ́, ó kọ oúnjẹ, ó kọjú sí ògiri.

Lánàá, ọkùnrin yẹn wá sílé wa, ó ní kí ẹranko tòun bá tiwa jà díẹ̀. Afọ́nnu ni ọkùnrin náà. Ẹranko rẹ̀ na onírùngbọ̀n iná, ó na olójú mẹ́jọ, ó sì dojú àga dé. Ló wá ku Pẹ̀lẹ́. Bàbá rẹ yíjú kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lẹ́ fi ìwo kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí! Ọkùnrin náà kò dágbére kó tó lọ. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ ti ń gbé e kiri àdúgbò, ó ní kí wọ́n wo èjìká, kí wọ́n wo bí oríkèé ṣe wọnú ara wọn, ó ní ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́. Mo ní kò kúkú rẹwà. Ohun tó ń bí i nínú báyìí nìyẹn, ó ní mo pe ọmọ òun ní òbùrẹ́wà.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra fóònù tèmi, kí àlàáfíà lè wọlé. Má gba inú fóònù fi í ránṣẹ́ o, ibẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́ wà, mi ò mọ ohun tí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń jẹ.

Kí o sì fi àwòrán ara rẹ ti ìsinsìnyí kún un. Nínú èyí tó wà ní pálọ̀, eyín iwájú rẹ kò tíì hù. Bàbá rẹ dúró ti àwòrán náà pẹ́ láàárọ̀ yìí, ó wá ń dá sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́, pé òun ò fẹ́ ṣi ọmọ òun mọ̀ lójú títì.

Ọ̀nà rẹ á là, ọwọ́ rẹ á ròkè. Máa dàgbà lọ bó ṣe wù ọ́, ọmọ mi. Bí o bá dé, a ó mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.