Sípíkà Mẹ́rin Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sílé

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àbíjàn níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí Ìyá Ìgbòho ìyáálé gbogbo wọn, mo kí Ìyá Àdùkẹ́ ìyàwó yín kékeré. Mo kí Àjàní àbúrò mi pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ rò.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣú, Àjàní ló ń ka lẹ́tà mi fún yín. N ò mọ èyí tó ń kà, n ò sì mọ èyí tó ń fò. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, tíṣà tó wà lójúlé kejì yóò lè kà á fún yín, ẹni tó ra ìwé ìròyìn ní Ìsẹ́yìn náà yóò kà á. Kò ní ṣeé fò mọ́.

Ọ̀rọ̀ sípíkà mẹ́rin yẹn ni. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi ẹ̀rọ orin àti sípíkà rẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Sípíkà méjì á wà níwájú, méjì á wà lẹ́yìn, ẹni tó ń gbọ́ á jókòó sáàárín, ohùn á sì yí i ká. Ọyẹ́ ni tiyín lọ́hùn-ún, òjò ni tiwa níbí. Oṣù méjì gbáko ló fi rọ̀ tí a há mọ́ yàrá kan ṣoṣo, tí àárò ilé ń sọ mí. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé bí ojú yín ò bá rí àwọn ọmọ-ọmọ yín, kí etí yín bá yín rí wọn. Mo gba ohùn wa sórí téèpù, kálukú pẹ̀lú sípíkà tirẹ̀: èmi níwájú lọ́tùn-ún, ìyàwó mi níwájú lósì, Rónkẹ́ àti Dèjì lẹ́yìn yín. Mo ya bí Àjàní yóò ṣe tò ó sí pálọ̀ yín sórí ìwé, mo tiẹ̀ fàmì síbi tí àga yín yóò wà.

Kí ni mo wá gbọ́? Ẹ ní kí tíṣà kọ̀wé sí mi pé ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n Dèjì nìkan lẹ gbọ́, tó ń ka ení, èjì títí dé ogún, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ẹ béèrè bóyá àwa yòókù ń bínú sí yín. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà Àjàní dé. Ó ní sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní àlàáfíà, kí n sì fi wáyà sí i ránṣẹ́, kó gùn dáadáa. Wáyà kí ni? Ṣé pálọ̀ tí ìṣísẹ̀ mẹ́jọ là já náà ni? Mo ní ó parí. Ó ti gbé mẹ́ta fún àwọn tó ń háyà ẹ̀rọ orin níbi ìnáwó ní Àgọ́-Àrẹ, ó sì tún fẹ́ ta wáyà lé e. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ sóko. Inú bí mi, ni mo bá gbé gègé.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá tí Sàámù fi kanlẹ̀kùn, awakọ̀ ọmọ Ṣakí tó ń ná ọ̀nà ibí. N ò ní pa èyí tí mo ti kọ rẹ́, kí Àjàní lè mọ ohun tí mo rò sí i.

Sàámù ní òun dé ilé wa, òun sì fojú ara òun rí sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ẹ̀yin Bàbá fúnra yín lẹ pín in. Ẹ ní ohun tó bá wọ ilé oníyàwó mẹ́ta, ìdí igi ìdí igi là á pín in, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ ìyá kan ló kó gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí yàrá ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ pé ohùn ọ̀tọ̀ ló wà nínú kọ̀ọ̀kan. Àjàní dá ògiri lu, ó fa wáyà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó mi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, Rónkẹ́ ń bá Ìyá Àdùkẹ́ sọ̀rọ̀, Dèjì ń ka ogún sí yín létí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo wá béèrè ta ló gba tèmi, Sàámù ní Ìyá Ìgbòho ni.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìyá Ìgbòho tí kò kí mi mọ́ láti ọdún tí mo mú Lásún ọmọ rẹ̀ dání wá sí Àbíjàn? Kí ló ń fi ohùn mi ṣe? Sàámù ní bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, á fi etí ti àpótí náà, bó bá sì tán, á ní kí wọ́n tún un fi sí i. Àjàní bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ bí mo ṣe yà á, ìyá náà ní kí ọwọ́ má kan tòun. Síbẹ̀ ó tún máa ń ti yàrá dé yàrá lọ gbọ́ ti àwọn yòókù. Ara mi ò gbà á rárá. Ìgbà tó yá ni Sàámù sọ iṣẹ́ tí ìyá náà rán an sí mi. Ó ní kó bi mí inú èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti sọ̀rọ̀ Lásún, bóyá ìpín òun ni wọ́n ṣèèṣì gbé fún ẹlòmíràn.

Bàbá, kò sí nínú èyíkéyìí. Mo kí ewúrẹ́ ilé pàápàá lórí téèpù yẹn, n ò dárúkọ Lásún. Ìyá Lásún ni gbogbo ilé ń pe ìyá rẹ̀. Èmi nìkan ni mo sọ ọ́ di Ìyá Ìgbòho nínú lẹ́tà mi, kí n má baà kọ orúkọ ọmọ náà. Èmi tí mo ń fura pé wọ́n ń fo ọ̀rọ̀, èmi gan-an ni mo fò ó. Ojú ń tì mí. Kí Àjàní forí jì mí.

Kí tíṣà ka èyí sókè fún Ìyá Lásún. Ẹ̀yin Ìyá Lásún, èmi àti ọmọ yín jà, mo sì lé e kúrò nínú yàrá mi. Ó bá ọkọ̀ ojú omi tó ń kó gẹdú lọ, ó ti pé ọdún mẹ́ta. N ò gbọ́ pé ó kú, n ò sì mọ ibi tó wà. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó kọ̀wé. Ọ̀la ni mo ń lọ sí èbúté lọ béèrè rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí n ò bá sì sí níbi iṣẹ́ ni n ó máa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé sípíkà Ìyá Lásún kúrò. Mẹ́ta yòókù ni kí Àjàní kó lọ bá a ní yàrá rẹ̀, kí gbogbo yín sì jókòó sáàárín. Mo ti fi téèpù mìíràn rán Sàámù. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí ló wà nínú rẹ̀, mo sì pe orúkọ Lásún sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má baà sí ìdí igi tí kò ní gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó fi etí yín gbọ́ ìròyìn ayọ̀, ẹ ó sì fọwọ́ pa gbogbo wa lórí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Àlàní, ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n Lásún.