Bí Mo Ṣe Jókòó ní Pálọ̀ Títí Mo Fi Dé Amẹ́ríkà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú? Ara tèmi àti ti ìyá rẹ le níbí. Ọlọ́run tó sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹkún ọmọ náà pọ̀ ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé inú rẹ ò tíì rọ̀ sí mi nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé. Lórí fóònù, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ẹkún lò ń sun, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè mọ bó ṣe jẹ́, kí o sì bá mi yọ̀.

Ṣé o rántí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Amẹ́ríkà? Ó ní bíríkìlà bíi tèmi tí kì í jókòó jẹun tán, tó máa ń gbé abọ́ káàkiri àgbàlá bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ òfuurufú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ náà gbọ́, o ní ká kúkú sún ìrìn-àjò mi síwájú, bí ọmọ bá ti ń rìn ẹ ó gbé e wá kí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo fẹ́ gbé ọmọ náà nígbà tó ṣì ṣeé gbé.

Ni mo bá lọ bá káfíńtà àdúgbò wa, mo ní kó bá mi to àga sí pálọ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun náà jókòó níwájú mi. Ìyá rẹ mú ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́ ní kékeré, ó fi dè mí mọ́ àga. O ti sọ pé bí mo bá wọ ọkọ̀, kí n tẹ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tó wà nínú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ náà tẹ tirẹ̀, torí òun ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Fóònù méjèèjì dákẹ́, a sì gbà pé wọ́n ti ṣíwájú wa lọ sí Amẹ́ríkà nìyẹn.

Oòrùn ń yọ nígbà tí a gbéra. Nígbà tó yá, ìyá rẹ ti oúnjẹ wọlé nínú báàrò tí mo fi ń kó yẹ̀pẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ béèrè bóyá adìyẹ ni mo fẹ́ tàbí ẹja. Mo ní adìyẹ. Ó ní ẹ̀wà ló wà. Mo jẹ ẹ́. Lọ́sàn-án, káfíńtà na àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ó sùn lé mi lórúnkún, ó sì ń hanrun. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí n dìde. Ẹsẹ̀ ń yún mi, ìdí ń ro mí. Mo ń fojú inú wo ọmọ rẹ, mo jókòó.

Àṣé ìwọ ń pè wá, fóònù ò wọlé. Lo bá rò pé nǹkan ti ṣe wá, o bẹ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìkóríta pé kó sáré wá. Ìrọ̀lẹ́ ló já wọlé tòun ti àpò oògùn. Ìyá rẹ ní kó rọra, ọkọ̀ ò tíì balẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, a ní kò sí. Òun náà bá wá àga, ó jókòó.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, káfíńtà ní a ti dé. Wọ́n tú ọ̀já, mo sì dìde gán-ún, gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tẹ ẹsẹ̀ mi wò, kò wú. Ó wọn ìfúnpá mi, ó ní ó dára, pé bí mo bá sáà ti ń dìde na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò síbi tí n kò lè dé. Òun náà ló bá wa tẹ fóònù tí wọ́n fi padà wálé láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síta. Nígbà tó máa padà wọlé, ó ní ṣé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́hùn-ún ti lẹ́ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí wọ́n fi mí sí, kí wọ́n sì máa ṣí i díẹ̀ nítorí ooru. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra bàtà tó fẹ̀, kí a sì fún káfíńtà ní nǹkan, torí ó ní òun ò gbowó, àmọ́ kò tíì lọ sílé.

Ọmọ tí o bí yóò yà ọ́ lọ́wọ́, yóò tún yà ọ́ lẹ́nu sí rere. Ayọ̀ ni ẹsẹ̀ mi yóò bá nílé rẹ. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi ìpara pa á, ẹ jẹ́ kó máa retí mi.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti ń di ẹrù.