Ọ̀fìnkìn Tí Mo Pè Ní Súùtù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì yàrá mi ní Mgbuoba, Port Harcourt níbí, kí ẹ tó ṣí lẹ́tà yìí. Mo kí Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kí Màmá àgbà, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ọwọ́ lómi. Nígbà tí ìròyìn dé lọ́jọ́bọ̀ pé ẹ ti bí obìnrin, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní èdè tí inú mi fi dùn.

Agùnbánirọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Èmi fúnra mi ni ẹ ń retí, mo mọ̀. Ìjókòó tó máa jókòó sí nínú ọkọ̀ yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo di báàgì mi láti àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì tú u. N kò ní lè wá sí ìkómọ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo lè fi fóònù sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Ẹ ó ní kí n máa bọ̀, n ó sì dáhùn pé ó dáa, mà. Inú ìwé nìkan ni mo ti ń láyà. Kí ẹ tó bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́.

Oṣù kẹrin rèé tí mo dé Port Harcourt. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bí ti Ìkirè. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti parí, á sì tún padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Nínú kíláàsì, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí. Pijin wọn yá ju etí mi lọ. Kí n tó ro èsì tán, ọ̀rọ̀ ti kọjá, wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín tán.

Ohun kan tún wà níbí tí wọ́n ń pè ní súùtù. Iyẹ̀ dúdú ni, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń já bọ́. Wọ́n ní láti ibi tí àwọn kan ti ń se epo rọ̀bì nínú igbó ló ti ń wá. Bí mo bá sá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, á dúdú lọ́rùn kí ó tó gbẹ. Bí mo bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta kó gba òjò, á ní awọ dúdú lójú. Nítorí náà, súùtù ni wọ́n ń di ohun gbogbo rù. Ẹni tó bá wúkọ́, súùtù ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, súùtù ni. Bàbá tó ń bójú tó ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kiatéká, tó sì ń pe èmi ní Ngbati nítorí pé Yorùbá ni mí, sọ fún mi pé ìyàwó òun kó ẹrù lọ lọ́dún tó kọjá. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó ní súùtù.

Ní yàrá tó kọjú sí tèmi ni Mama Boma ń gbé. Aṣọ ló ń rán. Ọkọ rẹ̀ máa ń bá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Trans-Amadi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Boma ni àkọ́bí wọn, ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí Mama Boma bá fẹ́ lọ pọn omi, ó máa ń gbé e lé mi lọ́wọ́ níbi tí mo bá ti ń kàwé lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹni tó dákẹ́ bíi tèmi kò lè dẹ́rù ba ọmọ. Màámi, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọmọ yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí mi tó sì rẹ́rìn-ín. Ó máa ń di ìka mi mú, á tì í bọ ẹnu.

Lọ́jọ́ Ajé kan, imú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mo ti di ará ìlú: mo ní súùtù ni. Mo ń fi àǹkáṣíìfù nu imú, mo sì ń fi ọwọ́ kan náà gbé Boma. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, imú tirẹ̀ náà ń ṣomi, lẹ́yìn náà ikọ́ dé. Gbogbo ilé ní súùtù ọ̀sẹ̀ yẹn le. Kiatéká ní kí wọ́n ti fèrèsé pa, kí wọ́n fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ mẹ́ta láti yàrá ẹ̀yìn, tí àwọn náà ń wúkọ́, wá jókòó sí yàrá Mama Boma láti wo fíìmù, kí súùtù má baà rí wọn. A kó ikọ́ gbogbo ilé sínú yàrá kan, a sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀sán Àìkú ni mo wọlé lọ dá síìsọ́ọ̀sì tí mo yá padà. Boma wà lórí tìmùtìmù àga, ìyá rẹ̀ ń na ọmú sí i, ó ń gbà á, ó ń jù ú sílẹ̀. Ẹ mọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí èèyàn ti fà gbẹ tó tún ń fà, bó ṣe máa ń wọnú? Bẹ́ẹ̀ ni ìhà rẹ̀ ń wọnú. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Mo fi aago fóònù ka mímí rẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mo jáde lọ sí yàrá mi. Mo to ọ̀rọ̀ Pijin tí n ó sọ, mo padà, mo dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń wo fíìmù, mo tún jáde. Ojú ń tì mí, Màámi. Ọmọ kò lè mí, ojú ń ti èmi. Nígbà tí mo wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní ọmọ yìí ò mí dáadáa, ẹ gbé e, ẹ jẹ́ ká lọ. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ mi láyà ara mi. Ó wo ọmọ náà. Kò wá bàtà rẹ̀ méjèèjì pé kó tó jáde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí imú Boma, wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀sì kan béèrè ẹni tó ní ọ̀fìnkìn nínú ilé wa. Mama Boma ní kò sí, súùtù ló ń dà wá láàmú. Nọ́ọ̀sì náà ní súùtù burú lóòótọ́, ó ń ba àyà jẹ́, ṣùgbọ́n kì í fò láti imú ẹnì kan bọ́ sí imú ẹlòmíràn. Ó tún béèrè: nobody get catarrh for una yard? Àǹkáṣíìfù mi wà lápò ṣòkòtò mi, ó tutù. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, Boma padà wálé, ó rù, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni olùkọ́ wa dé orí àwọn fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì ni kòkòrò àrùn tó kéré débi pé kò lè dá bí sí i, àfi tó bá wọnú ara wa, tó sọ ọ́ di ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Nínú àwọn tí ó ń kọ́ wa nípa wọn yìí, RNA ni wọ́n ń pe ìwé àṣẹ tí wọ́n máa ń mú wọlé, ara wa á sì máa dà á kọ láìmọ̀. Olùkọ́ to ìbátan wọn sójú pátákó: èéyi nìyí, ṣégede nìyí, ọ̀kan sì nìyí tó jẹ́ pé àyà ọmọ ọwọ́ ló máa ń bá jà. Màámi, ẹ mọ èéyi. Ẹ mọ ṣégede, ẹ̀yin lẹ fi búlúù aṣọ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí mo kọ̀ tí n kò lọ síléèwé. Ẹ̀kẹta yìí ni a kò fún lórúkọ nílé wa, nítorí pé lára àgbàlagbà, ọ̀fìnkìn lásán ni. Lára ọmọ tuntun ló máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ dí àwọn ọ̀nà kéékèèké tí èémí ń gbà. Pé ó ti mú ẹnì kan rí kò ní kó má tún mú un. Olùkọ́ ní ọwọ́ àti imú àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà ló fi ń rìn. N kò lè kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀.

N kò lè búra pé èmi ni. Ó lè jẹ́ àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nídìí ẹ̀rọ omi, mo sọ fún Mama Boma pé èmi ni. Ó béèrè pé èmi ni kí ni. Mo ní ọ̀fìnkìn mi ni, mo sì mọ̀ pé mo ní in nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè. Ó wò mí títí. Ó gbé omi rẹ̀, ó wọlé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò gbé Boma fún mi. Ní ọjọ́ kejìlá, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó na tíṣù sí mi, ó ní kí n fun imú kí òun rí i. Mo fun ún. Ó yẹ tíṣù náà wò bí ẹni ń yẹ ayédèrú owó wò. Ó ní oya, Ngbati, go wash hand. Mo fọwọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún mi.

Màámi, láti àná ni imú mi tún ti ń ṣomi. Mo dúró lókèèrè, mo sọ fún Mama Boma kó má gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ó rí báàgì mi lẹ́yìn mi, ó béèrè ibi tí mo ń lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi bímọ. Ó ní ọmọ náà ti pé ọjọ́ mélòó. Mo sọ fún un. Ó ní tòun ti pé oṣù mẹ́rin, mo sì rí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Tiyín yìí kò tíì lórúkọ pàápàá. Ìgbà yẹn ni mo tú báàgì náà lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ó ní Rótìmí tí kò tíì gbéyàwó ló wá ń kọ́ àwọn tó ti wo ọmọ mẹ́fà yè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́bọ̀, kí Màmá àgbà nìkan fi oyin àti iyọ̀ kan ẹnu ọmọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́. Kí àwọn tó kù tọ́ tiwọn wò nínú abọ́ mìíràn. Kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó ti ẹnu ọ̀nà kí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Ìyá Ìjọ. Màmá àgbà, ẹ forí jì mí, mo mọ̀ pé ẹnu yín lẹ fi fa kàtá imú gbogbo wa. Ẹ fojú fo ti ọmọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bí mo ṣe sọ, tàbí tó bá ń ju ọmú sílẹ̀, kí ẹ má rọ ọ́ ní àgbo, kí ẹ má tú kápúsù sínú omi fún un, kápúsù kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí yẹn gan-an. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni láti kígbe.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní èmi ni n ó gbé e jáde síta. Kí Bàámi bá mi gbé e. Kí wọ́n bá mi pe orúkọ tí mo fún un: Ìmísíolúwa. Kí èémí rẹ̀ má ṣe wúwo láé. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa, kó sì dá ẹ̀yin náà sí láti jẹ èrè rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi dòdò díẹ̀ rán agùnbánirọ̀ náà. Mo ti fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ìjọ Yorùbá wa níbí ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí, nítorí a ní ìkómọ méjì níwájú.

Bí ara mi bá ti dá, n ó wá. Ẹnu ọ̀nà ni n ó kọ́kọ́ dúró sí. Kí ẹ má tíì dì mọ́ mi, Màámi. Ẹ na tíṣù sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Rótìmí.