Ìbò Mẹ́tàlélógójì Tí Mo Dì Fún Ọmọ Mi

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn Òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn mi tó yí padà, torí ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo ń pa á rẹ́. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àwa Yorùbá tó wà ní Novara ní Italy níbí ò pọ̀, kíá ni wọ́n máa dá mi mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná...

Ọmọ mi obìnrin ń gbá baseball. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ìyá Giulia ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú àwọn méjèèjì lọ sí pápá lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ kàn mí ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó máa bá mi wò ó, bó ṣe fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré yẹn báyìí, ó tán, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Eré yẹn ò yé mi títí dòní, wọ́n á dúró dúró dúró, wọ́n á sáré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún dúró. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ mi yá, bọ́ọ̀lù tó bá sì gba òkè ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Òun nìkan ni ọmọ dúdú nínú ẹgbẹ́ wọn, òun àti Giulia nìkan sì ni obìnrin. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n máa kó àwọn obìnrin lọ sí softball, eré mìíràn tó jọ ọ́, àwọn ọkùnrin á máa bá tiwọn lọ, torí náà ọdún yìí ló kẹ́yìn fún un pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.

Tí ìdíje wọn bá fẹ́ parí, wọ́n máa ń ṣa àwọn ọmọ tó dáa jù láti àwọn ìlú agbègbè wa, wọ́n á kó wọn lọ gbá a ní Torino. All-star ni wọ́n ń pè é. Kóòṣì kọ́ ló ń yàn wọ́n o, àwọn òǹwòran ló ń dìbò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ímeèlì kan, ìbò kan, wọ́n á fi code ránṣẹ́ sí ẹ, wàá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó parí. Nínú àwọn tó ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán ní pápá láti mú bọ́ọ̀lù bí Àbẹ̀kẹ́, mẹ́ta ni wọ́n máa mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sórí ìbò, ọmọ yìí wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní mamma, ti prego, òun bẹ̀ mí, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n má fi link sí group mọ́sálásí, kí bàbá òun má pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Padova. Ó ní òun fẹ́ mọ àwọn tó máa dìbò fún òun láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Mo ní mo gbọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi ní mo gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí ohun tí mo fi ṣe é. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́sálásí wa. Torí pé mo gbọ́ Italian díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, èmi ni mò ń bá àwọn ìyá wa gba ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwé àwa àjèjì, èmi ni mò ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù permesso, ìwé ìgbélùú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ̀ pé kò sóhun tí wọ́n máa ṣe fún èèyàn tí kò bá ní ímeèlì, torí náà èmi ni mo ṣí ímeèlì fún gbogbo wọn. Password wọn wà nínú ìwé kékeré kan tí mò ń gbé kiri, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Àmánà ni. Mo mọ̀ pé àmánà ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àbẹ̀kẹ́ wà ní ipò kẹrin. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbé iye ìbò pamọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè tí wọ́n máa tì í. Ara mi ò gbà á mọ́. Mò ń wo ọmọ mi bó ṣe ń ṣí ojú ewé yẹn tó tún ń ṣí i, tí kò rí nǹkan kan, mo sọ lọ́kàn mi pé ta ló máa dìbò fún ọmọ dúdú nínú àwọn wọ̀nyí? Àwọn tí wọ́n ń fi àga ẹ̀gbẹ́ mi sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n á lọ dúró? Àwọn yẹn? Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó lọ sí pápá, bàbá rẹ̀ ń sùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo mú ìwé mi jáde. Alhaja kan, mo tẹ code. Ìyá Sùlé, mo tẹ code. Màmá kan tó ti padà sílé ní Ìwó láti ọdún tó kọjá pàápàá, mo bá wọn dìbò. Mo fi tèmi náà kún un. Mẹ́tàlélógójì, lórí fóònù kan ṣoṣo... Ọmọ ò rán mi níṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe é tán, inú mi dùn, mo lọ din dòdò.

Ní Wẹ́sìdeè tí èsì jáde, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ Àbẹ̀kẹ́ rárá. Kóòṣì wọn, bàbá Òyìnbó kan tí ohùn ẹ̀ kì í ròkè, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó fi ìwé kan hàn mí. Wọ́n ti rí i pé ìbò mẹ́tàlélógójì wá láti ojú kan náà, òfin wọn sì ni pé ọmọ tí irú ẹ̀ bá wà lórí orúkọ rẹ̀, gbogbo ìbò rẹ̀ ló máa dànù. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ó wá fìka tọ́ka sí ìlà kan, iye tó kù tí wọ́n bá yọ mẹ́tàlélógójì yẹn kúrò. Ipò kejì. Ipò kejì ni ọmọ mi wà. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló polongo ìbò fún un ní Sátidé, wọ́n sọ fún ìyá wọn, ìyá sọ fún bàbá, bàbá sọ níbi iṣẹ́. Àwọn tí mo ní wọn ò lè dìbò fún un ti dì í tán kí n tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá yẹn ò bi mí pé ta ló ṣe é. Ó ká ìwé náà, ó ní òun ò ní sọ fún ọmọ, pé ó dáa kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Mo to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu délé. Mo bá Àbẹ̀kẹ́ tó ti ju ìbọ̀wọ́ tó fi ń mú bọ́ọ̀lù sínú àpò ìdọ̀tí, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ dúró tì í, ó ń sọ pé ṣebí òun ti sọ fún un, àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ràn wa. Ó wojú mi pé kí n dá sí i. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tí mo mì yẹn ló ń pa mí.

Láti ìgbà náà kò lọ sí pápá mọ́. Giulia ni wọ́n mú sípò tó ṣófo, ó máa ń dúró dè é nísàlẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ọmọ mi ń gba ẹ̀yìn jáde. Ọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an yàn-an, bàbá rẹ̀ ti lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ àwọn máa lọ bá kóòṣì yẹn lójú gbogbo ayé, pé racist ni. Àwọn ìyá tí mo lo ímeèlì wọn wà lára àwọn tó ń lọ. Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé bá àwọn kọ lẹ́tà ẹ̀sùn náà ní Italian. Mo ti kọ ọ́, ó wà lórí tábìlì.

Tí mo bá sọ ọ́, àwọn ìyá á mọ̀ pé mo dalẹ̀ wọn, ọkọ mi... mi ò mọ ohun tí ọkọ mi máa ṣe. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ló ń dùn mí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ o, wọ́n dìbò fún un láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n, bó ṣe fẹ́ gan-an, èmi ìyá rẹ̀ ni mi ò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ohun tí mo máa sọ fún un nìyẹn? Àná tí mò ń di irun rẹ̀, ó kàn sọ lójijì ní Italian pé kò burú, ìbò kan ṣoṣo tó dá òun lójú ni tèmi. Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Ó ní kí ló dé, mo ní kò sí.

Sọ́ńdè ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílùú àjèjì bíi tèmi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, bàbá rẹ̀ ni àbí òun? Báwo ni mo ṣe máa la ẹnu mi sọ fún ọmọ yẹn pé ìbò tèmi gan-an ló ba tirẹ̀ jẹ́?