Orin Màtá Tí Wọn Ò Gbọ́ Dé Òpin

Ilé Alàgbà Òjé,
Nyékonakpoè,
Lomé.
Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ẹ̀rínọlá, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná nìyí: bẹ́ńṣì mẹ́ta lábẹ́ ibòji ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù Adésọjí lórí tábìlì, pẹ̀lú àfisétí kan ṣoṣo, èèyàn mọ́kàndínlógún lórí ìlà, àti ìwé mi, tí mo ti fi rúlà pín sí mẹ́ta: orúkọ, èrò, àkókò.

Má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí ọ. Ara mi ni kò balẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà ní Kùtọ̀nù? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ìdánwò ńkọ́, ṣé kò gba oorun lójú rẹ jù? Ara tèmi le, a dúpẹ́, àfi ọkàn mi tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná.

O mọ̀ pé ẹgbẹ́ olórin Adésọjí ti parí àwo orin wọn tuntun, Ẹ Yí Òkúta Náà. Ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló ni jìtá àti ìlù tí wọ́n ń lò, nítorí náà àwọn àgbà ní kí àwọn ará gbọ́ ọ ná. Wọ́n fún mi ní ìwé láti kọ èrò kálukú, torí pé ọwọ́ mi mọ́, ẹnu mi ò sì yá. Orin mẹ́fà kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ láìsí wàhálà. Ó ku Màtá, èyí tí ìwọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ sin ẹ̀gbọ́n rẹ, Gbénga. Ibi tí Màtá ti ń ké mọ́ Jésù pé Ó pẹ́ kí Ó tó dé.

Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ àkókò. Èmi ni mo kàn ń wo ìgbà tí kálukú ti àfisétí bọ etí àti ìgbà tó yọ ọ́.

Julienne onídìrí ní jìtá yẹn ń gbó bí ajá tí wọn ò fún lóúnjẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kpogan ní kò yàtọ̀ sí orin aráyé, àfi pé ti aráyé máa ń dùn. Màmá Ìbíyẹmí, olórí àwọn obìnrin, bi wá pé ta ló ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ báyẹn, bí ẹni ń bá ọlọ́kadà tó pẹ́ dé jà? Ìyá Fàdílátù, mùsùlùmí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí wa, pariwo láti òdìkejì pé ẹnikẹ́ni ò bi òun, ṣùgbọ́n òun ti ń gbọ́ ọ látìgbà ààwẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni wọn yóò máa fi dí òun létí? Adésọjí rẹ́rìn-ín, ìgbà kan ṣoṣo tó rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yẹn.

Bàbá Alàgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ yọ ọ́.” Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn àwọn tó kù rẹlẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlá ní kí wọ́n yọ ọ́. Mẹ́fà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo ka orúkọ àti èrò fún gbogbo ìjọ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti parí. Adésọjí ń wo ilẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní ó ku ìlà kan tí n kò tíì kà. Mo ní àwọn mẹ́fà yẹn gbọ́ orin náà tán, ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé díẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tàlá, kò sẹ́ni tó dé ìṣẹ́jú kẹta, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kẹta ni jìtá gbogbo dákẹ́, tí Màtá wá ní, “Síbẹ̀, Olúwa, mo gbàgbọ́.”

Màmá Ìbíyẹmí ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n fi ọ́ ṣọ́ wa ni?”

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. “Èmi ńkọ́? Mélòó lo kọ síwájú orúkọ mi?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, Bàbá.”

Wọ́n na ọwọ́ gba àfisétí. Gbogbo wa jókòó, a ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, mo rí i tí wọ́n di ojú. N kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní, “Kò dùn mọ́ mi títí di ìsinsìnyí. Ẹ fi í sílẹ̀.” Wọ́n wá gba ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ akọ̀wé tó ń wọn àgbà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún wọn.

Orin rẹ kò ní kúrò nínú àwo náà mọ́, Ẹ̀rínọlá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a délé, Bàbá ò pe orúkọ mi. Mo gbálẹ̀ ibi tí mo ti gbá. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo padà. Nígbà tí mo wọlé, mo tọrọ àforíjì nítorí pé mo dójú tì wọ́n. N kò tọrọ rẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ. Wọ́n wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ikú Gbénga ni ìjọ wa tó wá bá yín kẹ́dùn.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà Màmá yín fún àwọn. Bí nọ́ńbà Togo kan bá pè, jọ̀wọ́, sọ fún Màmá kí wọ́n gbé e.

Bá mi kí wọn, kí o sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Adésọjí ní kí n kí ọ gan-an. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo tó dùbúlẹ̀ lálẹ́ àná.

Èmi ni tìrẹ, bí ìgbà gbogbo,
Morìnsọ́lá.