Pèrègún Ààlà Oko Wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: katakata kan láti bárékè, ṣọ́jà mẹ́rin tí wọ́n ń bá wa tún ọ̀nà oko tí àgbàrá ti gbẹ́ ṣe, àti pèrègún ààlà wa tí wọ́n ti hú sílẹ̀. Wọ́n ṣe bí igbó lásán ni.

Àyà mi já. Pèrègún yẹn nìkan ló ń parí ìjà láàárín Bàbá mi àti Bàbá Kẹ́hìndé, tí oko wọn bá tiwa pààlà.

Bàbá lọ jókòó síwájú katakata. "Ẹ wà á gorí mi kọjá!"

Mo rò pé àwọn ṣọ́jà á na Bàbá ni. Ọ̀gá àwọn ṣọ́jà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó lóṣòó tì wọ́n. "Bàbá, ẹ má bínú. Lọ́dọ̀ tiwa, òkúta la fi ń pààlà. Ibo ni pèrègún yìí wà tẹ́lẹ̀?"

Bàbá ní àwọn nìkan ò lè fi hàn án, àfi tí Bàbá Kẹ́hìndé bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló lọ fi ọ̀kadà gbé wọn wá. Ó gbẹ́ ihò, àwọn bàbá méjèèjì jọ di pèrègún náà mú, wọ́n gbìn ín padà.

"Ṣé o ò ní máa sún un sọ́dọ̀ mi mọ́ báyìí?" Bàbá Kẹ́hìndé bi Bàbá.

"Níṣojú ṣọ́jà? Ta ló fẹ́ kú?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà pẹ̀lú.

Ṣọ́jà tó ń bẹ àgbẹ̀... mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Aago mẹ́wàá ni mo tó dùbúlẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ṣì ń tàkúrọ̀sọ lójúde wa.