Àkùkọ Tó Yẹ Kó Jókòó Sórí Agolo

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ba àkùkọ kan jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Ó di oṣù mẹ́rin tí a ti sin yín. Láti ìgbà náà ni Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Ìkàrẹ́, kò sì sí Sátidé tí wọn kì í di báàgì wọn pé àwọn ń padà sílé yín ní Ọ̀kà. Èmi ni mo máa ń tú u. Wọn ò dáná mọ́, Bàbá. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á jẹ ṣíbí mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn yó. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ tí mo bá rí i pé wọ́n dáná fúnra wọn, tí wọ́n sì jẹun, ni màá gbé wọn lọ sílé. Wọ́n ní ó dáa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún di báàgì.

Ni mo bá rántí àkùkọ yín. Ẹ ó fi iyọ̀, ata gígún, aáyù àti òróró ra á lára ní tútù, ẹ ó bu omi dé ìdajì agolo mílíìkì, ẹ ó já efinrin sí i, ẹ ó wá gbé àkùkọ náà jókòó lé agolo, kí ẹnu agolo wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níwájú, bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àpótí. Inú ìkòkò irin ńlá tó ní yanrìn nísàlẹ̀ lẹ máa ń gbé e sí, èédú pípọ́n lábẹ́, èédú pípọ́n lórí ìdérí. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé wákàtí kan ló ń gbà. Mo ti ronú sí i dáadáa: wákàtí kan àbọ̀ ni, ẹ kì í sì í ṣí ìkòkò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sọ fáwọn ẹgbẹ́ mi pé akọ̀wé ni yín nílé àlejò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kúkù ni yín. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi lẹ́nu géètì, tí aṣọ funfun tí ẹ fi ń dáná ṣì wà lọ́rùn yín, mo gbà á, mo sì yára wọlé. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ ò bèèrè. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní Sátidé, mo ra ọ̀dọ́ àkùkọ kan lọ́jà, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, mo gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú agolo rẹ̀, mo sì lọ rọ gáàsì. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, òórùn kọ́rì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màmá wà lẹ́yìnkùlé nídìí èédú, àkùkọ mi sì ń hó nínú ìkòkò.

“Màmá, kí lẹ ṣe báyìí?”

“Mo bá ọ sè é ni. Ẹran tútù lo fẹ́ gbé sórí agolo. Ṣé kí inú rírun gbé wa dé ọsibítù ni?”

“Bàbá kì í kọ́kọ́ sè é.”

“Bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwọ, tíṣà ni ọ́.”

Inú bí mi. Mo dúró pẹ̀lú sílíńdà lọ́wọ́, mo ń wo omi ẹran. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rí ohun tó wà níwájú mi. Màmá ti dáná. Ẹnì kankan ò bẹ̀ wọ́n.

Mo ní ká ṣáà gbé e sínú ófùn. Ẹran tó ti jinná ò lè jókòó, Bàbá. Ẹ̀yin mọ̀, èmi ò mọ̀. Ó fì sọ́tùn-ún, a fi ọ̀dùnkún méjì tì í. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí itan kan fi já, agolo ṣubú, ọ̀rá dà sórí iná, iná sì sọ. Màmá ti gbé ike omi. Mo di ọwọ́ wọn mú.

“Ẹ má da omi sí ọ̀rá, Màmá.”

Mo ti ilẹ̀kùn ófùn, mo pa gáàsì láti ẹnu sílíńdà, a sì dúró títí kò fi sí ìmọ́lẹ̀ kankan lẹ́yìn gíláàsì mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìyẹn. Nígbà tí mo ṣí i, àkùkọ náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ó ń kí ọ ni,” Màmá wí. “Dá a lóhùn.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń sọ èdè Ìṣùà, ìlú tí wọ́n ti bí wọn, èyí tí èmi pẹ̀lú yín ò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n padà sí Yorùbá, wọ́n ní tiyín burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ ṣe é nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò, iná jó ìdajì irun orí ètè yín, ẹ fá èyí tó kù, ẹ sì sọ fún wa pé ọ̀gá yín ló pàṣẹ pé kí gbogbo kúkù fá a. Ṣé òótọ́ ni? Mo rántí ìgbà tí irun náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì bínú sí ọ̀gá yín fún ọjọ́ púpọ̀.

A jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Awọ rẹ̀ jóná lápá kan, ẹran rẹ̀ dùn. Màmá jẹ itan méjèèjì, wọ́n fọ́ egungun, wọ́n ní kí n bu omi ẹran wá, wọ́n sì fi búrẹ́dì nu abọ́. Mi ò wò wọ́n tààrà, kí wọ́n má bàa dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé wọn lọ sí Ọ̀kà. Mo gbálẹ̀, mo pọn omi, wọ́n ní kí n máa lọ kí òjò tó dé. Mo wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkè tí ilé wà, mi ò tíì fẹ́ ṣíná sí i. Kò pẹ́ rárá, èéfín ìdáná yọ láti ẹ̀yìn ilé yín.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá. Ọkàn mi balẹ̀ lónìí.

Èmi ọmọ yín, pẹ̀lú ìfẹ́ tí mi ò sọ tó nígbà tí ẹ wà.